Fìlà Funfun Tó Wà Lórí Ìṣó

Ọwọ́ kan ni ọkùnrin náà fi di fìlà rẹ̀ mú lórí ọ̀kadà, ó fi ọwọ́ kejì gbá báàgì mọ́ àyà. Fìlà náà funfun débi pé Adéfúnkẹ́ ti rí i kó tó rí ọ̀kadà tó ń gbé e bọ̀, kó sì tó rí ojú ẹni tó dé e. Atẹ́gùn ọjọ́ náà le. Eruku ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Benin ti sọ gbogbo ohun tó wà létí títì di pupa, pátákó, ewéko, àti aṣọ tí wọ́n sá. Fìlà yẹn nìkan ni eruku ò tíì rí mú.

Aago mẹ́rin ti lù nígbà náà. Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni Adéfúnkẹ́ ti jókòó sídìí tábìlì níwájú ṣọ́ọ̀bù tuntun rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, tó ń bi àwọn tó ń wáṣẹ́ ní ìbéèrè. Èèyàn mẹ́tàdínlógójì ló ti rí. Ọ̀kan ní òun mọ búrẹ́dì í ṣe nítorí pé òun fẹ́ràn láti máa jẹ ẹ́. Òmíràn gbé lẹ́tà àlùfáà ìjọ rẹ̀ wá, àlùfáà sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohùn rẹ̀ dùn nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Abigail ló já fáfá láàárín wọn, ó ti gbà á fún títà. Ó ti gba ọ̀dọ́kùnrin méjì fún pípo fúláwà, Oyèníyì àti Ignatius. Olórí oníbúrẹ́dì gan-an ni kò rí.

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba.

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Abdulfatai lorúkọ mi. Iṣẹ́ oníbúrẹ́dì ni mo bá wá."

"A ti parí."

"Ẹ má bínú, mà. Táyà ọ̀kadà tó kọ́kọ́ gbé mi láti Arimogija ló jò ní Ìfọ̀n."

"Orí táyà ni gbogbo àwọn tó kù náà gbà dé."

"Tiwọn ò jò ni, mà."

Adéfúnkẹ́ bo ẹnu rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju ẹni tó yẹ kó rẹ́rìn-ín lọ, ẹ̀rín ò sì mọ̀ bóyá ó rẹ èèyàn. Ó ní kó jókòó.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan wà ní Ìbàdàn tó ń jẹ́ Adùnlẹ́nu. Wọ́n máa ń fún èèyàn láyè láti fi orúkọ wọn dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, ohun tí àwọn olówò ń pè ní fíránṣáìsì. Orúkọ wọn ni wàá kọ sí pátákó, bí wọ́n ṣe ń po fúláwà ni wàá ṣe pò ó, ìwọ lo máa gba òṣìṣẹ́ rẹ fúnra rẹ, ṣùgbọ́n ìwé òfin wọn ni ẹ máa tẹ̀ lé látòkèdélẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin, wọn á gba orúkọ wọn padà. Adéfúnkẹ́ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ nítorí rẹ̀. Gbogbo ohun tó fi ọdún mẹ́wàá kó jọ ló wà nínú ilé onígíláàsì yẹn. Bí orúkọ Adùnlẹ́nu bá kúrò lójú pátákó rẹ̀, kò ní ibòmíràn tó máa gbẹ́sẹ̀ lé.

Abdulfatai ò mú ìwé ẹ̀rí kankan wá. Ó ní òun fi ọdún mẹ́fà ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì kan ní Arimogija kí ẹni tó ni ín tó kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní ọmọ Ọ̀wọ̀ lòun, àárín ìlú ni wọ́n bí òun sí, àti pé bàbá òun ni aránfìlà tí gbogbo àdúgbò wọn mọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n wo ààrò yín, mà," ó wí.

Adéfúnkẹ́ mú un wọlé. Abdulfatai bu omi sínú abọ́ pẹlẹbẹ, ó gbé e sórí ilẹ̀ ààrò, ó sì dúró. Omi náà rọra kó ara rẹ̀ jọ sápá òsì.

"Ilẹ̀ ààrò yìí fì sápá kan, mà."

"Kọngílá tó ṣe é ní ìwé ẹ̀rí mẹ́ta," Adéfúnkẹ́ dáhùn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà fún kọngílá, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún.

"Omi ò lè kàwé, mà."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n yan búrẹ́dì àkọ́kọ́. Ó wú lápá kan bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Abigail rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Adéfúnkẹ́ ránṣẹ́ pe kọngílá padà pé kó wá tún ilẹ̀ ààrò tò, lẹ́yìn náà ló yíjú sí Abdulfatai pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo òwúrọ̀, Fatai á wọlé, á fi fìlà funfun yẹn kọ́ ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á wá dé fìlà búlúù tí Adùnlẹ́nu fún wọn. Bàbá rẹ̀ ló rán fìlà funfun náà fún un lọ́dún tó kú, kì í sì í jẹ́ kí fúláwà kàn án. Gbogbo òwúrọ̀ náà ni Adéfúnkẹ́ máa ń bá búrẹ́dì kékeré kan lórí tábìlì rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ìyókù fúláwà yan, tó ṣì ń gbóná. Kò sẹ́ni tó sọ pé òun ló gbé e síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bá èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan kó wú lápá kan, ló bá gbé e lọ sínú yàrá iṣẹ́.

"Ta ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbí?"

"Bóyá kọngílá ni, mà," Fatai wí. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Adéfúnkẹ́ jẹ búrẹ́dì náà tán lójú wọn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń tètè dé ibi iṣẹ́, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí ọjà ni. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó sú ẹni tó ń pa á.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, òjò rọ̀, iná lọ, àwọn méjèèjì wá dúró sábẹ́ òrùlé iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wo omi tó ń ṣàn lọ sójú títì. Fatai ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ tọrọ nǹkan kan tí kò sí nínú ìwé òfin."

"Kí ni?"

"Pé kí n máa pè yín ní Fúnkẹ́. Kì í ṣe lójú àwọn tó kù o. Bí irú èyí nìkan, tí òjò bá ń rọ̀."

Adéfúnkẹ́ wo òjò náà fún ìgbà díẹ̀.

"Tí òjò ò bá wá rọ̀ ńkọ́?" ó bi í.

Fatai yíjú sí i. "Ìyẹn ni pé mo lè..."

"Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀rùn gùn púpọ̀ lórílẹ̀-èdè wa yìí. Máa pè mí ní Fúnkẹ́, jàre."

"Fúnkẹ́," Fatai wí. Ó tún un pè bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ wò. "Fúnkẹ́, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ọjọ́ tí o ní ẹ ti parí ni mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Adéfúnkẹ́ na ọwọ́, ó nu fúláwà tó wà ní ìpéǹpéjú Fatai, ó sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ rí mọ̀ pé èsì nìyẹn.

Bàbá Adéfúnkẹ́, Bàbá Olúgbádé, jẹ́ pírìnsípà tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Áńgílíkà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ fún un, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ẹni tí o gbà síṣẹ́ lo wá fẹ́ gbà sílé?"

"Dádì, ṣé torí pé Mùsùlùmí ni?"

"Ta ló sọ̀yẹn? Ìyá tó bí ìyá mi ń kírun títí tó fi kú, àárín wa kò sì dàrú. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀gá ni ọ́ sí i. Ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ, kò sí bó ò ṣe ní máa bá ọ rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò tíì pàdánù nǹkan kan nítorí wa, a ò tíì mọ bó ṣe fẹ́ wa tó. Ní sùúrù ná."

Ọ̀rọ̀ náà dun Adéfúnkẹ́. Kò rí ohun tó máa fi já a nírọ́, ló bá ní sùúrù tí wọ́n ní kó ní.

Oṣù kẹsàn-án wọlé, ó kó àṣìṣe kan wá tí ẹni tó ń gbélé ò jẹ́ ṣe, àfi ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi bíi Adéfúnkẹ́. Nígbà tí Adéfúnkẹ́ fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé ní Ìbàdàn, ó ka gbogbo ojú ìwé òfin náà. Ó bá wọn jiyàn lórí bí ìwọ̀n búrẹ́dì ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ó bá wọn jiyàn lórí àwọ̀ ọ̀dà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé gbogbo ẹni tó bá wà nínú yàrá iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé fìlà ilé iṣẹ́ lójoojúmọ́, láìyọ ọjọ́ kankan sílẹ̀, ó ní ìyẹn ò le, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò rántí ọdún Ìgogo rárá.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ kì í dé fìlà nígbà Ìgogo. Obìnrin kì í wé gèlè. Wọn kì í lu ìlù, agogo nìkan ni wọ́n máa ń lù. Bàbá Olúgbádé tó jẹ́ alàgbà ìjọ pàápàá, orí òfìfo ló fi ń lọ sí ọjà láwọn ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ẹ̀sìn, torí ọ̀rọ̀ ìlú ni.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Fatai fi fìlà funfun rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé ó di ìgbà tí ọdún bá parí, kò sì fọwọ́ kan fìlà búlúù. Oyèníyì àti Ignatius wo ojú rẹ̀, àwọn náà fi tiwọn sílẹ̀.

"Fatai, ẹ dé fìlà," Adéfúnkẹ́ wí.

"Ìgogo ti bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá."

"Inú ilé la wà. Ta ló rí wa?"

"Ìwé òfin ló ní kí ẹ fi gíláàsì síwájú kí àwọn oníbàárà lè máa wò wá. Gbogbo Ọ̀wọ̀ ló rí wa." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Fúnkẹ́, ohun gbogbo tí o bá ní kí n ṣe ni mo máa ń ṣe. Èyí nìkan ni mi ò lè ṣe. Àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì wa ni ará ilé wa."

Adéfúnkẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ohun tó bí i nínú gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni alábẹ̀wò Adùnlẹ́nu dé láti Ìbàdàn láìsọ tẹ́lẹ̀. Akínfẹ́mi lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ó dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó rí orí mẹ́ta láìsí fìlà, ó sì ya fọ́tò.

Adéfúnkẹ́ ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ ẹ́. Akínfẹ́mi gbọ́ ọ tán.

"Màdáàmù, mo gbọ́ yín yé. Bó bá jẹ́ èmi ni mo kọ òfin yìí, ǹ bá ti pa á rẹ́ níbí. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan rí irun nínú búrẹ́dì ẹ̀ka kan. Irun kan ṣoṣo o! Gbogbo èèyàn ló rí i lórí fóònù, ẹ̀ka náà ò sì gbérí mọ́ títí dòní. Látìgbà náà ni ẹ̀rù irun ti ń ba àwọn ọ̀gá wa." Ó kọ̀wé, ó fà á yọ, ó nà án sí i. "Ẹni tó ṣáájú wọn, ìyẹn olórí oníbúrẹ́dì, gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ méje òní ni mo máa padà wá. Tí mo bá bá a níbí, tàbí tí mo bá rí yàrá iṣẹ́ bí mo ṣe rí i yìí, a máa yọ orúkọ wa."

Fatai wà nínú yàrá iṣẹ́, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yan búrẹ́dì ọjọ́ náà tán bí ó ti máa ń ṣe, ó gbá ilẹ̀, ó lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Adéfúnkẹ́ ò bá búrẹ́dì kékeré lórí tábìlì. Abigail ló bá, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ọ̀gá Fatai ti lọ sí Arimogija, mà. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ẹ ò lé àwọn, àwọn fúnra wọn làwọn lọ." Abigail fa imú. "Wọ́n ní ẹnu tó gba àwọn síṣẹ́, àwọn ò fẹ́ kó jẹ́ òun ló máa lé àwọn."

Adéfúnkẹ́ lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Fìlà funfun náà ṣì wà lórí ìṣó. Ó fi í bojú, ó sunkún bí ọmọdé.

Ẹkún ò yan búrẹ́dì. Fún ọjọ́ mẹ́ta, Oyèníyì àti Ignatius jó búrẹ́dì tàbí kí wọ́n yọ ọ́ ní tútù. Wọn ò sì dé fìlà, òun náà ò sì lè fi ipá mú wọn. Lọ́jọ́ kẹrin Bàbá Olúgbádé yà wọlé pẹ̀lú orí òfìfo rẹ̀ tó ti pá. Ó ra búrẹ́dì, ó wo ìdí rẹ̀ tó ti dúdú.

"Oníbúrẹ́dì rẹ dà?"

Adéfúnkẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá gbé búrẹ́dì náà kalẹ̀ lórí tábìlì.

"Ó mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ òun tó fi lọ?"

"Ó mọ̀, Dádì."

"Nítorí kí o má baà lé e."

"Nítorí kí n má baà lé e."

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Mo ní kó o ní sùúrù. Sùúrù ti tó. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í jẹ́ kó lọ sí Arimogija. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìbàdàn ńkọ́? Ṣé orí wa ni wọn ò fẹ́ rí ni?"

"Kì í ṣe orí, Dádì. Irun ni wọ́n ń bẹ̀rù..."

Ó ń wo orí bàbá rẹ̀ tó ń dán nínú oòrùn tó gba ojú gíláàsì wọlé. Lẹ́ẹ̀kan náà ó dìde, ó fa bàbá lọ́wọ́, wọ́n sọdá títì lọ sọ́dọ̀ Jímọ̀, onígẹrun tó wà ní òdìkejì.

"Fá orí mi," Adéfúnkẹ́ wí.

Jímọ̀ gbé ẹ̀rọ ìgẹrun sílẹ̀ bí ẹni tí iná gbé. "Èmi kọ́! A kì í fá orí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ò kú."

"Mi ò tíì lọ́kọ, báwo ló ṣe máa kú?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣeré. Àwọn èèyàn á bi mí."

Bàbá Olúgbádé jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Fá a. Èmi ni mo bí i, èmi ni mo ní kó o fá a. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé èmi ló rán ọ."

Irun náà dúdú, ó gùn, ọdún púpọ̀ ni Adéfúnkẹ́ ti ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ìdì àkọ́kọ́ já bọ́ sórí itan rẹ̀, omi lé rọ̀rọ̀ sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mirí. Bàbá ò tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí wọ́n fi fá a tán.

Ó wọ mọ́tò dé Ìfọ̀n, ó gun ọ̀kadà láti ibẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí i lójú ọ̀nà ló ń kí i kú ara fẹ́ra kù. Ó ń dáhùn pé ẹ ṣé, torí pé àlàyé ọ̀rọ̀ náà gùn ju ìrìn àjò lọ.

Fatai ń da kòkó nínú oòrùn lágbàlá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Arimogija. Ó rí ọ̀kadà tó ń bọ̀, ó rí orí kan tó ń dán lẹ́yìn ọlọ́kadà. Kò dá a mọ̀ títí tó fi sọ̀ kalẹ̀. Igi tó fi ń da kòkó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fúnkẹ́! Ta ló kú? Ṣé Bàbá ni?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Bàbá ló di ọwọ́ mi mú tí wọ́n fi fá a."

"Kí ló wá dé?"

"Ìlú ní ká má dé fìlà. Ìbàdàn ní àwọn ò fẹ́ rí irun. Mo ti gbọ́ràn sí àwọn méjèèjì lẹ́nu." Ó fọwọ́ kan orí rẹ̀. "Ìwọ nìkan ni mi ò tíì gbọ́ tìrẹ. Mo burẹ́wà, àbí?"

Fatai sún mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì tó ń rùn fún kòkó, ó fi gbá orí náà mú jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé orí rẹ dára tó báyìí. Irun ti ń fi í pa mọ́ fún mi látọjọ́ yìí."

"Ẹlẹ́nu dídùn. Mo ń wá olórí oníbúrẹ́dì. Ṣé o máa wá gba intafíù?"

"Ṣé ẹ ò tíì parí, mà?"

"A ò tíì bẹ̀rẹ̀," Adéfúnkẹ́ wí, ó sì fi orí òfìfo náà sáyà rẹ̀.

Lọ́jọ́ keje Akínfẹ́mi dé. Orí mẹ́rin ló bá lẹ́yìn gíláàsì, ti Adéfúnkẹ́, ti Fatai, ti Oyèníyì àti ti Ignatius, gbogbo wọn ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Abigail ní tòun, òun ò fá o, òun kì í dé yàrá iṣẹ́, ìdí ọjà lòun máa ń wà. Àwọn ará ìlú ti pé síta, wọ́n ń wò.

Akínfẹ́mi yí wọn po. Ó wo etí, ó wo ẹ̀yìn ọrùn. Lẹ́yìn náà ó wo Fatai.

"Màdáàmù, ìwé mi ní kí olórí oníbúrẹ́dì kúrò."

"Ó kúrò, sà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi sí níbí. Lọ́jọ́ kẹrin mo ṣe intafíù, mo gba òmíràn."

"Ta ni?"

"Ẹni tó yege náà nìyẹn."

Akínfẹ́mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó jáde lọ pe Ìbàdàn lórí fóònù. Ó pẹ́. Gbogbo wọn dúró, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan fúláwà. Adéfúnkẹ́ ń wo pátákó orúkọ náà láti inú ilé, ó ń kà á sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ dágbére fún un. Fatai rọra fi ìka kan kan ìka rẹ̀.

Akínfẹ́mi padà wọlé. "Wọ́n ní kí n bi yín. Ṣé lọ́dọọdún lẹ máa fá a?"

"Lọ́dọọdún," Adéfúnkẹ́ dáhùn.

"Wọ́n gbà. Fún ẹ̀ka Ọ̀wọ̀ nìkan, láwọn ọjọ́ Ìgogo nìkan, orí fífá máa dúró fún fìlà. Mo máa kọ ọ́ sínú ìwé òfin." Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Ẹ wá ta búrẹ́dì méjì fún mi. Òórùn rẹ̀ ti ń yọ mí lẹ́nu látàárọ̀."

Ariwo tí àwọn tó wà níta pa, wọ́n gbọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ Jímọ̀.

Ìyá Fatai àti àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ ìyàwó nínú oṣù kìíní, ní pálọ̀ Bàbá Olúgbádé. Èèyàn ò pọ̀. Irun Adéfúnkẹ́ kò ju ìka kan lọ lábẹ́ gèlè, àwọn àbúrò rẹ̀ sì ti fi ṣe ẹlẹ́yà títí ó fi sú wọn. Bàbá bi Fatai ní ìbéèrè kan ṣoṣo níwájú gbogbo èèyàn.

"Níbi iṣẹ́, ọmọ mi ni ọ̀gá. Nílé ńkọ́?"

"Nílé, sà, ẹni tó bá tètè jí ló máa gbé omi kaná. Èmi ni mo sì máa ń tètè jí."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kó dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Ó wá ku fìlà. Ẹ mọ àṣà wa, ìyàwó ló máa ń mú fìlà, tó máa fi dé ọkọ rẹ̀ lórí. Fìlà aṣọ òkè tuntun wà nínú àwo níwájú wọn. Adéfúnkẹ́ ò mú un. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó mú fìlà funfun kan jáde, èyí tó ti fọ̀, tó ti lọ̀, tó ti pa mọ́ láti oṣù kẹsàn-án. Fatai ti wá a títí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti gbà pé ó sọnù nígbà tóun wà ní Arimogija ni.

Ìyá Fatai dá ojú abẹ́rẹ́ ọkọ rẹ̀ mọ̀ láti ibi tó jókòó sí. Ó fi ìborùn bo ẹnu.

Fatai kúnlẹ̀. Adéfúnkẹ́ gbé fìlà náà lé e lórí, ó tún un ṣe kó má baà fì sápá kan. Kò tíì mú ọwọ́ kúrò tí Fatai fi gbé tirẹ̀ sókè, bí ẹni tí atẹ́gùn fẹ́ gba fìlà rẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó bá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀, ó sì dì í mú.